Bàbá Tó Ta Aṣọ Bo Adágún

Ohun tí wọ́n fi ń rántí Bàbá Tàjùdéèn jù ni pé ó la òtútù kọjá lọ sí etí adágún Michigan, ó débẹ̀ tán, ó fi aṣọ bò ó.

Oṣù kejì ọdún 1984 ni. Ẹgbẹ́ ayafọ́tò àwọn Yorùbá Hazel Crest, lẹ́bàá Chicago, ní kí àwọn fi Sátidé kan lọ ya yìnyín etí omi. Jìbírílù, tó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn. Kámẹ́rà àti igi tí wọ́n ń gbé e lé nìkan ni àwọn yòókù mú lọ. Bàbá gbé kámẹ́rà, ó gbé àga onígi kan, ó tún gbé aṣọ gígùn kan tó ká bí ẹní. Òkun, igi àgbọn mẹ́ta àti ọkọ̀ òfurufú kan ni wọ́n kùn sára aṣọ náà. Ọ̀gá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ló fún un lọ́jọ́ tó gba òmìnira iṣẹ́ fọ́tò. Iṣẹ́ ìfọṣọ ọsibítù ló fi ń jẹun ní Amẹ́ríkà, àmọ́ kò tíì ya ẹnikẹ́ni láìta aṣọ yẹn sẹ́yìn onítọ̀hún.

Ó so ó mọ́ igi méjì létí omi. Adágún pòórá.

Adéòkè, nọ́ọ̀sì tó fi off kan ṣoṣo tó ní lọ́sẹ̀ náà wá, kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe yẹ, ó wá bẹ̀rẹ̀ ìjà. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, the lake is right there! Omi gidi nìyí, ẹ wá ń fi omi orí aṣọ bò ó?"

"Omi gidi yẹn, ọkọ̀ òfurufú tiẹ̀ dà? Jókòó. Gbé ọwọ́ lé orúnkún. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ méjèèjì hàn, kí wọ́n má baà sọ nílé pé Amẹ́ríkà ti gé ọ̀kan. Pa ẹnu dé! Ta ló ní kó o fi eyín hàn?"

Ó tún ní kó bọ́ kóòtù, kí àwọn ará ilé lè rí bùbá rẹ̀. Adéòkè kọ̀. Wọ́n fà á títí, wọ́n wá gbà pé kó bọ́ apá kóòtù kan. Nínú fọ́tò yẹn, ìdajì Adéòkè wà ní Chicago, ìdajì yòókù wà ní Ìsẹ́yìn.

Bàbá kì í ya ohun tí kò lórúkọ. Nígbà tí Jìbírílù fi fọ́tò yìnyín orí igi hàn án, ó yí i wo iwájú, ó yí i wo ẹ̀yìn. "Ó dára. Àmọ́ ẹni tó ni ín ńkọ́?"

Ibi tó ti ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mira lọ́jọ́ náà ni afẹ́fẹ́ ti já aṣọ gbà. Ó gbé e fò kọjá etí omi, ó tẹ́ ẹ sórí yìnyín. Bàbá ti bọ́ bàtà. Jìbírílù di àgbádá rẹ̀ mú lẹ́yìn.

"Fi mí sílẹ̀! Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tọ́jú ẹ̀!"

"Baba, that ice is thin! Ẹ máa rì!"

"Tí mo bá sọ aṣọ ọ̀gá mi nù, kí ni mo fẹ́ wí fún un lọ́run?"

"Tí ẹ bá rìn síbẹ̀ báyìí, ẹ máa tètè rí wọn ṣàlàyé fún," ni Jìbírílù wí, kò sì tú àgbádá sílẹ̀.

Nígbà náà ni wọ́n rí i pé omijé ń bọ́ lójú bàbá, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu gbogbo wọn. Wọ́n to àwọn igi tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, wọ́n fi ìborùn Adéòkè so wọ́n pọ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja létí omi, wọ́n sì ń fa aṣọ náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìrù ọkọ̀ òfurufú ti lẹ̀ mọ́ yìnyín, ibẹ̀ ló já sí. Bàbá fi àkísà aṣọ ibùsùn ọsibítù rán òmíràn sí i. Ó ní ọkọ̀ náà ti di ọmọ onílùú.

Bàbá kú ní Joliet ní oṣù kejìlá ọdún 1988. Sátidé tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ padà sí etí omi. Wọ́n so aṣọ mọ́ igi méjèèjì, wọ́n gbé àga sáàárín, ẹnikẹ́ni kò jókòó lé e. Wọ́n dúró yí i ká: ẹsẹ̀ hàn, ẹnu padé. Bí kámẹ́rà tó ń dá ya fọ́tò ṣe fẹ́ yà wọ́n, afẹ́fẹ́ fa aṣọ, Jìbírílù kígbe, "Ẹ dì í mú o! Baba ti ń bọ́ bàtà!"

Fọ́tò náà wà lára ògiri Adéòkè ní Richton Park. Eyín gbogbo wọn ló hàn. Bàbá ì bá ní kí wọ́n tún un yà.

"Kí Baba ṣáà wá," ni Adéòkè máa ń wí. "Màá bọ́ apá kejì."