A Gba Odò Èlírí, Àwọn Alápatà Kò sì Níbùdó

Kò tíì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ṣì wà láàyè. Wọ́n ń gun mọ́tò olówó ńlá kọjá níwájú ilé mi, àwọn kan nínú wọn a sì máa juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé. N kì í dá wọn lóhùn. Ọ̀gbẹlẹ̀ tó tẹ̀ lé ìbò káńsù ni, nígbà tí alága tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò, tó ń pariwo lórí rédíò pé òun yóò sọ ìlú wa di ìlú ńlá. N kò ní dárúkọ ìlú náà. Ilẹ̀ Ìgbómìnà ni, kò jìnnà sí Ìlá-Ọ̀ràngún. Ìyẹn náà ti tó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí ojú mi kì í tú ká bí mo bá dé ọgbà káńsù. Ẹ jókòó, kí n sọ ọ́.

Wolé-wolé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo máa ń yẹ ilé àti ọjà wò fún ìmọ́tótó, èmi náà ni mo máa ń yẹ ẹran wò kí wọ́n tó gbé e dé orí àtẹ. Mo tún jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa. Mo ti jókòó dí ẹnu ọ̀nà káńsù nítorí owó oṣù, ọlọ́pàá ti fa aṣọ ya mọ́ mi lára, mo sì rò pé mo ti mọ gbogbo ọgbọ́n tí ìjọba ń dá. N kò mọ̀ ọ́n tán.

Ìsàlẹ̀ ìlú ni ilé mi wà, létí odò kan tí à ń pè ní Èlírí nítorí pé kò fẹ̀ rárá. Kékeré náà ni, ṣùgbọ́n kì í gbẹ. Ẹ̀rọ omi káńsù ti di ibi tí alángbá ń yá oòrùn, nítorí náà Èlírí là ń pọn, òun làwọn tó ń ṣe gàrí fi ń fọ ẹ̀gẹ́, òun làwọn ọmọ ilé ìwé ń mu.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Dèjì, aládùúgbò mi tó ń ṣe gàrí, wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní wọ́n ti ri pátákó kan mọ́lẹ̀ lókè odò, Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà lára rẹ̀. A jọ lọ. Mo kà á fún un: káńsù fẹ́ kọ́ ilé ìpẹran tuntun síbẹ̀, ẹni tó bá lòdì sí i kó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́.

"Lókè odò?" ni Ìyá Dèjì wí. "Kí ẹ̀jẹ̀ màlúù wá máa ṣàn bọ̀ lọ́dọ̀ wa?"

"Ẹ̀jẹ̀, imí, àti omi tí wọ́n bá fi fọ ìfun."

Ó pòṣé. "Màmá, ṣé wọ́n rò pé àwa náà kì í ṣe èèyàn ni?"

A dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Tísà Adéwọyè la fi ṣe alága rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ wa, ẹni tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀. A kọ̀wé. Wọn ò fèsì. Mo wá ní kí n lọ bá àwọn alápatà fúnra wọn sọ̀rọ̀.

Alhájì Mùfútáù ni olórí wọn. A ti mọra tipẹ́. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń yẹ ẹran wò, kò bẹ̀ mí rí pé kí n gbójú fo ẹran tó ní àrùn. Bí mo bá ní kí wọ́n sun ún, òun fúnra rẹ̀ ni yóò da kẹrosíìnì sí i. Mo bá a ní ilé ìpẹran àtijọ́ tó wà láàárín ìlú, ó ń pọ́n ọ̀bẹ.

"Alhájì, ẹ má gbà láti lọ sí Èlírí. Omi mímu wa ni."

"Ta ló bi wá bóyá a fẹ́ lọ? Wọ́n ní ibí yìí ń rùn. Ẹ̀yin wolé-wolé lẹ kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ní kí wọ́n tún un ṣe ni. N kò ní kí wọ́n lé yín."

"Alága ní bí a ò bá kó lọ sí Èlírí, a ò ní rí ibòmíràn. Ṣé kí n wá ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jókòó sílé, nítorí pé àwọn ará ìsàlẹ̀ fẹ́ mu omi?"

"Alhájì, àìsàn ló máa pa àwọn ọmọ wa."

"Ebi ló máa pa tiwa." Ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀. "Ìwọ obìnrin yìí, kúrò níwájú mi."

Láti ìgbà tí a ti mọra, "ẹ" la máa ń pe ara wa. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè mí ní "ìwọ".

Nígbà tó yá, a wọ́de lọ sí ọgbà káńsù, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wa, ewé tútù lọ́wọ́ gbogbo wa. Àwọn alápatà ti débẹ̀ ṣáájú. Ẹni kan ti ta wọ́n lólobó. Wọ́n tò sí ẹnu géètì, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ àwọn kan, àwọn ìyàwó wọn sì wà lẹ́yìn wọn. A kọrin, wọ́n kọrin. A bú wọn, wọ́n bú wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu láti sọ̀rọ̀ ni obìnrin kan gbé garawa sókè, ó sì da omi tí wọ́n fi fọ ìfun màlúù lé mi lórí. Ó wọ ojú mi, ó wọ ẹnu mi. Ìyá Dèjì fò mọ́ obìnrin náà, àwọn méjèèjì ṣubú sínú erùpẹ̀, wọ́n ń fa ara wọn nírun.

Mo nu ojú mi, mo sì gbé e sókè. Alága káńsù dúró lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú àwọn káńsẹ́lọ̀ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹni tí ọ̀ràn dojú rú mọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rín ẹni tó ń wo ìran tó sanwó rẹ̀ ni. Bí mo ṣe ń wẹ̀ nílé, ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí ju òórùn ara mi lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà tí mo ń kọjá nítòsí ilé ìpẹran àtijọ́, tí mo rí sọ̀fíyọ̀ kan tó ń kan èèkàn mọ́lẹ̀. Mo kí i, mo ní kí ló ń wọ̀n.

"Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni, Màmá. Alájà méjì ni wọ́n fẹ́ kọ́."

"Ta ló fẹ́ kọ́ ọ?"

Ó dárúkọ ọmọ ìlú wa kan tó wà l'Ékòó, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ pé òun ló náwó ìbò alága. "Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Pátákó rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri níbẹ̀ yẹn."

Mo lọ wò ó. Lóòótọ́, wọ́n ti gbé pátákó kan síbẹ̀ bí òfin ṣe wí, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí igbó tí àwọn ewúrẹ́ ti ń jẹko.

Ó wá yé mi. Wọn ò lé àwọn alápatà nítorí òórùn. Wọ́n fẹ́ ilẹ̀ wọn ni. Wọ́n wá tì wọ́n sórí omi wa, kí àwa àti wọn lè máa fa ara wa ya, kí ẹnikẹ́ni má bàa bèèrè ẹni tó fẹ́ jókòó sí ibi tí wọ́n kúrò. A kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájú mọ́ alápepe, ṣùgbọ́n ohun tí a ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ nìyẹn.

Ilé Alhájì ni mo gbà lọ tààrà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò fẹ́ jẹ́ kí n wọlé. Mo dúró síta, mo gbóhùn sókè: "Alhájì, ẹ wá wo ohun tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ níbi tí ẹ ti ń so màlúù!"

Ó jáde. Ó tẹ̀ lé mi. Nígbà tó rí àwọn èèkàn náà, ó fa ọ̀kan tu, ó sì sọ ọ́ sígbó.

"Wọ́n ní a máa padà tí wọ́n bá tún un ṣe tán," ló wí. "Wọ́n fi wá ṣe òmùgọ̀."

"Àwa méjèèjì ni, Alhájì."

Ó kọjú sí mi. "Ìyàwó mi kejì ló da omi sí yín lára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fò ó."

Láti ọjọ́ náà, a jọ ń rìn. Mo bá wọn kọ ìwé ìtakò sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ohun tí a bèèrè kò le: kí wọ́n tún ilé ìpẹran àtijọ́ ṣe, kí wọ́n fi Èlírí sílẹ̀, kí ṣọ́ọ̀bù wábi gbà. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín kúrò lójú alága. Ó dá ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́ yóò jókòó ní gbangba, ó sì ránṣẹ́ pe Tísà Adéwọyè nìkan.

Nígbà tí Tísà padà dé, ó pè wá sí pálọ̀ rẹ̀. Ayọ̀ hàn lójú rẹ̀.

"Ọlọ́run ti ṣe é," ló wí. "Alága ní òun yóò fagi lé ti Èlírí. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ ni pé kí a má sọ̀rọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù mọ́."

"Níbo wá ni àwọn alápatà yóò wà, sà?" ni mo bi í.

"Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ wa. Omi la bèèrè, a sì ti rí omi gbà. Kí la tún ń wá? Ẹ má sì gbàgbé pé ọmọ wa tó wà l'Ékòó yẹn náà ló fi páànù bo ìjọ wa."

Ìyá Dèjì ló sọ èyí tó dùn mí jù. "Màmá, imí ẹran ni wọ́n dà lé yín lórí. Ṣé ẹ̀yin náà lẹ tún máa wá ilé fún wọn?"

"Ẹni tó fi garawa lé wọn lọ́wọ́ ni mò ń bá jà," ni mo fèsì.

Wọ́n dìbò. Gbogbo ọwọ́ ló gòkè, àfi tèmi. N kò dá wọn lẹ́bi tán. Ọmọ wọn ló ń mu omi náà. Ṣùgbọ́n inú bí mi débi pé mi ò lè ṣe àmín nígbà tí Tísà ń gbàdúrà ìparí. Mo dìde, mo ní kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ìgbìmọ̀.

Lọ́jọ́ ìjókòó náà, mo wọ gbọ̀ngàn káńsù, mo rí àwọn èèyàn mi lápá ọ̀tún, mo sì lọ jókòó sáàárín àwọn alápatà lápá òsì. Alága ka ìpinnu. Wọn kò gba ilé ìpẹran láyè ní Èlírí. Àwọn ará ìsàlẹ̀ hó yè. Kí ariwo náà tó rọlẹ̀, ó ka ìkejì bí ẹni ń lé eṣinṣin: wọ́n fọwọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Alhájì dìde láti sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kúrò níwájú rẹ̀. Ó ṣì ń la ẹnu, àgbàlagbà tó wọ agbádá funfun, ohùn rẹ̀ kò dé ibì kankan.

Èmi kò nílò ẹ̀rọ. "Alága," ni mo kígbe, "níbo ni wọ́n ti máa pa màlúù lọ́la?"

Ó wò mí, ẹ̀rín náà sì padà wá. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ní wọn ò gbọdọ̀ wá sí Èlírí. Ẹ bi ara yín."

Ó gbá òòlù rẹ̀ mọ́ tábìlì, ìjókòó tú ká.

Ohun tí a rí gbà nìyí: Èlírí mọ́ títí di òní. Èmi náà ń mu ún, n kò ní purọ́ pé kò dùn lẹ́nu. Kékeré kọ́ ni kí tálákà dí ọ̀nà mọ́ káńsù. Ohun tí a pàdánù ńkọ́? Àwọn alápatà ń pa ẹran lẹ́yìn ilé, lórí páànù àti nínú koríko, wolé-wolé kankan kì í sì í débẹ̀. Àwọn kan ti lọ sí Ìlá, àwọn kan ti di ọlọ́kadà. Alhájì kò pa ẹran mọ́. Ṣọ́ọ̀bù alájà méjì náà dúró láàárín ìlú, àgádágodo wà lẹ́nu èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí kò sí oníṣòwò ìlú wa tí apá rẹ̀ ká owó rẹ́ǹtì ibẹ̀.

Ìwé tí èmi àti Alhájì jọ kọ lẹ́yìn náà, pé kí wọ́n wá ilẹ̀ míràn fún ilé ìpẹran, ṣì wà ní káńsù. Mo ń lọ bèèrè rẹ̀ ní gbogbo ìjókòó. Wọ́n á ní àwọn ń gbé e yẹ̀ wò. Èmi á ní mò ń bọ̀ wá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá tún ri pátákó mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wá àwọn tí wọ́n fẹ́ tì lù yín, kí ẹ tó wá alága. Ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ń lé wọn bọ̀.

Ní ọjọ́ ìsìn ìdúpẹ́ tí ìjọ ṣe nítorí Èlírí, Tísà Adéwọyè bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá," ló wí, "ẹ tújú ká. A ṣẹ́gun."

Mo ní, "Ta la ṣẹ́gun, sà?"

Ó ṣì di ọwọ́ mi mú. Nígbà tó yá, ó fi í sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹni tó wà lẹ́yìn mi.