Àlejò Tó Mọ Gbogbo Ìdáhùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí, ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá. Ẹ fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in, kò burú. Èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín tán.

Télọ̀ ni mí ní Mowe níbí. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, èmi ni mo rán aṣọ funfun tí wọ́n ń tẹ́ sórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì wa. Ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Bọ́sẹ̀, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, wá sọ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin pé etí aṣọ náà wọ́. Ó wọ́ kẹ̀! Iṣẹ́ ọwọ́ mi! Mo gbé báàgì mi, mo ní kí wọ́n lọ wá télọ̀ tí kì í ránṣọ wọ́, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ó wọ́ lóòótọ́? Èmi ni mo rán an, mo ṣáà mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó sọ ọ́ ní gbangba?

Láti ìgbà yẹn, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tó wà láàárín Ibafo sí Mowe ká. Wọ́n gbà mí dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ bí àdúrà bá gbóná, èmi á kàn ṣàdédé ṣe àmì àgbélébùú, gbogbo èèyàn á yíjú wò mí. Àárò Mísà ń sọ mí. Ká má parọ́, àárò Ìyá Bọ́sẹ̀ ló tiẹ̀ ń sọ mí jù.

Mo bá pinnu pé mo ń padà. Ojú sì ń tì mí! Mo wé gèlè tó bò mí dé ìpéǹpéjú, mo yọ́ wọlé, mo jókòó sẹ́yìn pátápátá. Wọ́n ti gbé Fadá tuntun wá, mi ò sì dá ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́, Mowe ti kún. Ọmọbìnrin tó ń júwe ìjókòó bi mí pé ṣé ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyí. Kí ni kí n wí? Kí n ní mo bínú lọ nítorí etí aṣọ? Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Irọ́, nínú ilé Ọlọ́run! Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Àlejò wo ló ń kúnlẹ̀ kí wọ́n tó ní kó kúnlẹ̀? Fadá ò tíì kí wa tán tí ẹnu mi ti dáhùn. Mo ka Ìgbàgbọ́ láìwo ìwé, mo tún ń tọ́ màmá iwájú mi tó ṣì í kà sọ́nà. Ọmọbìnrin yẹn kàn ń wò mí ṣáá ni.

Nígbà tí wọ́n kéde tán, Fadá ní kí àwọn àlejò dìde. Àwa mẹ́ta la dìde. Ìjọ na ọwọ́ sí wa, wọ́n ń kọrin káàbọ̀, mo bá gbàgbé ara mi, mo ń bá wọn gbè é. Fadá rẹ́rìn-ín, ó ní àlejò yìí mà tètè mọ orin o.

Wọ́n wá ní kí ẹni tó ń bójú tó àlejò wá mú wa, kó fi inú ṣọ́ọ̀ṣì hàn wá lẹ́yìn Mísà, kó sì fún wa ní ẹlẹ́rìndòdò àti puff-puff. Ta lẹ rò pé ó dìde? Ìyá Bọ́sẹ̀! Mo ní kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, ilẹ̀ ò dá mi lóhùn.

Ó wò mí láti orí gèlè dé bàtà. Mo rò pé á pariwo orúkọ mi. Rárá o, ojú ẹ̀ ò tiẹ̀ yí padà. Ó ní ẹ káàbọ̀, sister, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní omi mímọ́ rèé, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń kàn án. Ó ní báyìí la ṣe ń kúnlẹ̀. Èmi tí orúnkún mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀! Àwọn àlejò méjì yòókù ń mi orí, èmi náà ń ní ẹ ṣé, mà, òógùn sì ti bò mí.

A dé iwájú pẹpẹ, ó dúró. Aṣọ mi ló wà níbẹ̀! Etí ẹ̀ ṣì wọ́. Kódà, ó wọ́ ju bí mo ṣe rántí ẹ̀ lọ.

"Ẹ wo aṣọ yìí, sister," Ìyá Bọ́sẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi ló rán an. Mo bu ẹnu àtẹ́ lù ú níwájú èèyàn, ó bínú lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, mo ní wọn ò gbọdọ̀. Mo ní ẹni tó rán an ń bọ̀ wá tún un ṣe."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sunkún. Gèlè tú, omi ojú fọ gbogbo àtíkè mi dànù. Mo ní kó dárí jì mí, pé mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn pé ó wọ́.

Òun náà nu ojú ẹ̀. Ó ní, "Ìyá Dáre, ṣé o mú abẹ́rẹ́ dání?"

Àwọn àgbà ní ìbínú ò ṣe nǹkan fún ni. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sá fún ẹni tó ń dúró dè mí. Tí ibì kan bá wà tẹ́ ẹ ti bínú kúrò, ẹ yẹ ibẹ̀ wò, ó lè jẹ́ pé àyè yín ṣì wà. Tí télọ̀ yín bá sì ránṣọ wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀!

Ṣé irú eléyìí ti ṣe ẹ̀yin náà rí? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí. Mo máa kà á tí mo bá ti tú etí aṣọ yìí tán.