Ẹ̀gbo Ẹnu Ọ̀nà Ẹ̀yìn

Kí n tó bá àwọn olùkọ́ kan ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè máa yan fanda kí ebi sì máa pa á.

Àwọn ọdún tí náírà wó lulẹ̀ ni, tí ìrẹsì di oúnjẹ ọdún. Èmi ni alábòójútó ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ìmọ̀ oúnjẹ ni mo kọ́ ní yunifásítì, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣẹ̀sín pé ọkùnrin wo ló ń lọ kọ́ ọbẹ̀ sísè. Nígbà tí owó oúnjẹ àwọn olùkọ́ kò ra ìrẹsì mọ́, mo lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ra àgbàdo funfun àti ẹ̀wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ará Ìrẹsà tó ń ná Ọjà Igbó níbẹ̀, mo kó o wá fún Ìyá Mútíù tó ń dáná fún wa.

Ẹ̀gbo la fi ń ṣe. A ó gún àgbàdo kí eèpo rẹ̀ bọ́, a ó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, a ó sè é títí yóò fi rọ̀, a ó wá fi orógùn rò ó pọ̀. Ẹ̀wà elépo tó ta lẹ́nu la ń bù lé e. Abọ́ kan a gbé ènìyàn dé alẹ́.

"Ẹ̀gbo kẹ̀?" Ọ̀gbẹ́ni Àlàó pariwo. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ àgbà ni. Kóòtù rẹ̀ ti gbó lápá, ṣùgbọ́n táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. "Ṣé adìyẹ la jọ lójú yín ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n dìde láìfọwọ́ kan oúnjẹ.

Inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ilé wọn wà. Kò pẹ́ tí abọ́ onídérí fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ìyàwó olùkọ́ kan ní àlejò ló fẹ́ jẹ ẹ́; òmíràn ní ajá àwọn ni.

"Ajá yẹn mà fẹ́ràn ata o," Ìyá Mútíù sọ fún mi.

Àlàó ò simi. Ó ń rọ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ kó lé wa, kó gbé ilé ìdáná fún àna òun tí yóò máa se ìrẹsì. Iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èmi àti Ìyá Mútíù, opó ọlọ́mọ mẹ́rin. Ọ̀gá àgbà pe ìpàdé sí yàrá ìjẹun, ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ká ti sọ ọ́.

Àlàó dìde. "Ọ̀gá, ẹ̀gbo yìí ń dójú tì wá. Kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́ nínú wa. Mi ò tiẹ̀ lè dárúkọ rẹ̀ létí ìyàwó mi!"

Fèrèsé ilé ìdáná ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì jókòó tí ohùn obìnrin kan fi dún láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn:

"Ìyá Mútíù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi bu ti Bàbá Bísí. Wọ́n ní ẹ̀wà àná ti kéré jù."

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Bísí ni àkọ́bí Àlàó. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Oníkálukú ń tẹ́tí bóyá ìyàwó tirẹ̀ ló kàn.

Ọ̀gá àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá Mútíù," ó nahùn, "ẹ bu ẹ̀wà tó pọ̀ fún un. Ìpàdé ti parí."

Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn agbéraga wọ̀nyẹn ti dolóògbé, àárò wọn sì ń sọ mí, bí mo tiẹ̀ ṣì ń gàn wọ́n. Àlàó ni mo máa ń rí jù lọ́kàn mi. Lọ́jọ́ kejì ìpàdé yẹn, ó tò sórí ìlà ní ẹnu ọ̀nà iwájú bíi gbogbo ènìyàn, táì lọ́rùn, abọ́ tí kò ní ìdérí lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀gbo náà, ó yínmú.

"Ẹ fi epo kún un," ó ní.