Ta Ló Gbà Kí Wọ́n Gé Egungun Dympna?

Rárá o, Nọ́ọ̀sì, kì í ṣe orúnkún ló ń dun Màmá Dympna tó fi ń rìn bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìbàdí ni. Nígbà tó ń rọbí àkọ́bí ẹ̀ lọ́dún 1958, dókítà ní táwọn bá la ikùn ẹ̀, kò ní lè bímọ púpọ̀, àwọn fáda ò sì fẹ́ kéèyàn fètò sọ́mọ bíbí. Ni wọ́n bá fi ayùn gé egungun ìbàdí ẹ̀ níwájú. Kò sùn rárá, ojú ẹ̀ là sílẹ̀ kedere o! Oṣù mẹ́rin ni ò fi lè dìde, ìyá ọkọ ẹ̀ ló ń bá a gbé ọmọ.

Aládùúgbò mi ni, igi ọgbà lásán la fi pààlà. Àtìgbà tí mo ti bí Fiachra mi (ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́!), ojoojúmọ́ ló ń wá gbé e, ṣùgbọ́n orí ìjókòó ni.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀ kó tó kú: ta ló gbà kí wọ́n ṣe é? Ẹnikẹ́ni ò bi òun. Èmi ni mo bá a kọ lẹ́tà sí ọsibítù náà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ní omi ti ba ìwé jẹ́. Mo tún kọ ọ́. Àárọ̀ òní ni èsì dé.

"Kà á, ìwọ olófòófó," ó ní. "Má fo nǹkan kan o."

Mo kà á: *A ṣàlàyé fún ọkọ. Ọkọ gbà.* Malachy, ọkọ ẹ̀, ló fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

Ẹ gbọ́, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Malachy fi bá a ṣépè fún dókítà yẹn!

"Wọ́n bi Malachy?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Èmi ńkọ́? Ṣebí mo wà níbẹ̀." Ló bá rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀ mà dáa o. Wò ó, kò tiẹ̀ gbọ̀n."

"Ẹ lọ bi í léèrè."

"Kí n bi í ní kí ni? Òun náà ló fi òróró pa ìbàdí mi láàárọ̀ yìí."

Ó ká ìwé náà sínú àpò, ó gbé ọmọ fún mi, kò sì dìde. Ohùn Malachy bá gba orí ọgbà wọlé:

"Dympna! Ọ̀dùnkún ti jinná o. Wá jẹun!"