Pèrègún Tí Mo Hú

Èmi ni mo hú pèrègún náà, kò sẹ́ni tó rán mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ní Ìtèlé, gbogbo èèyàn níbi iṣẹ́ sì ń kì mí nílọ̀ pé ilẹ̀ tí mo bá fi igbó sílẹ̀ lórí rẹ̀, ọmọ onílẹ̀ á tún un tà. Ni mo bá gbé àdá. Gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ ewé ni mo ṣán, mo hú gbòǹgbò, mo dáná sun ún, mo dí ihò wọn. Sàǹgó ni mo dàgbà sí, láàárín ilé-iṣẹ́. Ewé tí wọ́n bá ti dì ní ìdì lọ́jà nìkan ni mo mọ̀.

Màmá tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ mi jáde, ó ń wo eérú.

"Ọmọkùnrin yìí, ààlà dà?"

"Ààlà wo, Mà?"

"Pèrègún tí bàbá ọkọ mi gbìn! O rò pé òdòdó ni?"

Bó ṣe wọ́ mi lọ sí àkùrọ̀ nìyẹn, lọ́jọ́ ìsinmi mi, ká lọ gé òmíràn wá gbìn. Ẹ̀fọn ń jẹ mí, ẹrẹ̀ wọ bàtà iṣẹ́ mi. Ìdí ewé kọ̀ọ̀kan ni Màmá ń dúró sí.

"Ẹ̀bòlò nìyí. Wòròwó nìyẹn, má tẹ̀ ẹ́! Irú rẹ̀ wà létí ààlà wa."

Mo gé ewé kan, mo ní mo ti rí pèrègún.

"Ewé eéran nìyẹn! O ń jẹ mọ́ínmọ́ín, o ò mọ ewé tí wọ́n fi pọ́n ọn?"

Mo di ẹ̀ka kan mú, ohun kan yí ojú wò mí lórí rẹ̀. Alágẹmọ ni. Mo pariwo. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sídìí ògùrọ̀. Ẹyẹ kan fò kọjá, ìrù rẹ̀ gùn gbọọrọ.

"Ẹyẹ wo nìyẹn, Mà?"

"Ẹyẹ ni."

"Mo mọ̀ pé ẹyẹ ni."

"Kí lo wá ń bi mí sí?"

Ó sú mi pátápátá. Èyí tó tún wá burú ni pé láti ọjọ́ náà, ojú mi ò sinmi mọ́. Mo ń lọ síṣẹ́, mo ń rí ẹ̀bòlò létí gọ́tà. Ta ló bẹ̀ mí?

Nígbà tá a ti àkùrọ̀ dé lọ́jọ́ náà, Màmá dúró sáàárín eérú, ó gbé ọ̀pá pèrègún tó gé lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ lo hú u, ìwọ lo mọ ojú ihò rẹ̀. Níbo ni?"

Búlọ́ọ̀kù tí mo fẹ́ fi mọ ògiri ni mo ti tò lé ojú ibẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí, mi ò fẹ́ kó búlọ́ọ̀kù kankan mọ́. Àmọ́ mi ò ní purọ́ pé àárẹ̀ nìkan ni. Ilẹ̀ náà wọ̀ mí lójú. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù, lápá ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

"Ibí ni, Mà."

Ó ṣàdúrà fún mi. A gbìn ín síbẹ̀.

Mo ti mọ ògiri báyìí, wòròwó etí ààlà rẹ̀ sì ti wà lábẹ́ ògiri mi. Àkùrọ̀ ló ń lọ já a, nínú ẹrẹ̀, tòun ti eékún tó ń dùn ún. Bó bá dé, á bu díẹ̀ fún ìyàwó mi. Ilẹ̀ ìgbésẹ̀ méjì ni mo jẹ Màmá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí n ti sọ. Àná, mo kí i, mo ní, "Ẹ kú ìrìn, Mà." Mo sì bá tèmi lọ.