Ohùn Abẹ́ Ilẹ̀ Nílé Bàbá Tíṣà

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́ kànga gbígbẹ́, òfin kan ni Ọ̀gá Làmídì fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mi, kì í sì í ṣe bí a ṣe ń di díígà mú.

Ó ní, “Àjàdí, bí o bá ti wọ inú kànga, o ò lórúkọ mọ́. Àwa tá a wà lókè ò ní pè ọ́. Okùn la fi ń bára wa sọ̀rọ̀: fà á lẹ́ẹ̀kan, a ó fa garawa, fà á lẹ́ẹ̀mejì, ìwọ gan-an la ó fà jáde. Bí o bá wá gbọ́ tí ẹnìkan pè ọ́ lórúkọ nísàlẹ̀ níbẹ̀, má dáhùn.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, mo rò pé ìtàn tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ẹni tuntun ni. Ọ̀gá Làmídì ò rẹ́rìn-ín.

Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ẹdẹ nígbà náà, nígbà tí òmìnira ò tíì dé. Ọ̀gá Làmídì ló ni iṣẹ́. Mùsùlùmí ni, kì í jẹ́ kí ìrun kan fo òun. Ọ̀ṣunkúnlé jẹ́ àgbẹ̀ láti abúlé Alájùẹ, ó máa ń wá bá wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iṣẹ́ oko bá dínkù. Ilé olórìṣà ni wọ́n bí i sí, ó sì ń bọ òrìṣà ìyá rẹ̀ láìfi bò. Èmi ni ẹ̀kẹta. A kì í jiyàn ẹ̀sìn. Ilẹ̀ la ń jiyàn lé lórí: ṣé yangí ló kàn ni, àbí iyanrìn? Yangí le bí òkúta, ó ń ba díígà jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ya luni. Iyanrìn rọ̀ lọ́wọ́, òun ló sì ń pa agbẹ́kànga. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo fa okùn lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé alángbá já lé mi lọ́rùn. Ọ̀ṣunkúnlé fi mí ṣẹ̀sín títí a fi parí kànga yẹn.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì, Bàbá Tíṣà pè wá sílé rẹ̀ lọ́nà Sẹ́kọ̀nà. Ilé ìwé àwọn Áńgílíkà ló ti fẹ̀yìn tì. Láràárọ̀ ló máa ń gbé àga rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń gbẹ́lẹ̀, ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já yóò sì wà lórí itan rẹ̀. Mo bi í ní ohun tó wà níbẹ̀.

“Ìwàásù ni,” ó ní. “Àlùfáà ará Jámánì kan ló ṣe é, ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún tó ti kú. Ó ní àwọn orúkọ tí à ń pe Ọlọ́run, àwa la fi wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù. Ó ní kí èèyàn kó gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́kàn, títí kan ohun tó fẹ́ tọrọ, kó wá dákẹ́. Ọkàn tó bá ṣófo bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run ò ní í ṣàìwọ ibẹ̀.”

Ọ̀gá Làmídì tó ń ká okùn dúró. “Bàbá, ṣé àlùfáà onígbàgbọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀? Àáfà tó kọ́ mi ní kéú máa ń sọ ohun tó jọ ọ́.”

“Ohun tó jẹ́ kí àwọn olórí ìjọ pè é lẹ́jọ́ nìyẹn,” ni Bàbá Tíṣà fi dá a lóhùn.

Nígbà tí kànga náà jìn tó ìdúró ọkùnrin mẹ́fà, ohùn kan bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Ọyẹ́ mú, oòrùn funfun bí ẹfun lójú ọ̀run. Láti ìsàlẹ̀, ẹnu kànga ò ju abọ́ lọ lójú mi. Mo gbé díígà sókè, mo sì gbọ́: “Àjàdí.” Kì í ṣe òkè ló ti wá. Ẹ̀yìn mi ni, láti inú ilẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ìyàwó bá ń jí ọkọ rẹ̀ lójú oorun. Gbogbo irun ara mi dìde. Mo fa okùn lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n sọ àtùpà kalẹ̀ sínú kànga láti wò bóyá afẹ́fẹ́ burúkú ló ń yí mi lórí. Níbi tí afẹ́fẹ́ burúkú bá wà, iná a kú. Àtùpà náà ń jó geere. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀ṣunkúnlé wọ inú kànga. Ó jáde, ó ní wọ́n pe òun náà, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi ọsàn. Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wọ ibẹ̀. Nígbà tí a fà á jáde, omijé wà lójú rẹ̀.

“Ìyá mi ló pè mí,” ó ní. Ọdún kẹwàá tí a ti sin ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a jiyàn ẹ̀sìn nìyí. Ọ̀gá ní àlùjànnú ni. Ọ̀ṣunkúnlé ní ẹni tó ni omi abẹ́ ilẹ̀ ni, pé a ò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ní Sátánì ni. Ọ̀ṣunkúnlé wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá rẹ̀. Ọ̀gá ti ń kó irinṣẹ́ jọ ká máa lọ.

Bàbá Tíṣà pa ìwé rẹ̀ dé. “Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ ti fún un lórúkọ. Ta ló ti tẹ́tí sí i nínú yín?”

Ó nawọ́ sí etí kànga.

“Ẹ jókòó. Ẹ má gbàdúrà, ẹ má bẹ̀bẹ̀. Ẹ kàn dákẹ́.”

A jókòó sí etí kànga. Kò rọrùn fún mi. Orin ìjọ kan ń yí po lọ́kàn mi, lẹ́yìn náà ni iyán tí mo fẹ́ jẹ gba ipò rẹ̀. Nígbà tó yá, nǹkan kan tú sílẹ̀ nínú mi. Mi ò gbọ́ ẹyẹ mọ́, mi ò gbọ́ afẹ́fẹ́. Ìdákẹ́ náà bà mí lẹ́rù ju ohùn yẹn lọ. Síbẹ̀, èmi ni mo dìde tí mo ní, “Ẹ so okùn mọ́ mi.”

Nísàlẹ̀, mi ò fọwọ́ kan díígà. Mo dúró. Ohùn náà pè mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Mi ò pè é ní Sátánì, mi ò pè é ní nǹkan kan. Inú ìdákẹ́ yẹn ni mo ti gbọ́ ọ: ṣííì, ṣííì, bí ẹni ń da gààrí sínú igbá, lẹ́yìn ògiri kànga. Iyanrìn ni! Yangí tí a gbójú lé kò nípọn rárá. Iyanrìn ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, ariwo díígà ni kò jẹ́ ká gbọ́ ọ.

Mo fa okùn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lé etí kànga ni ògiri náà ya. Kò pariwo. Ńṣe ló mí kanlẹ̀ bí èèyàn, eruku sì gòkè bí èéfín. Nígbà tó rọlẹ̀, ihò tó lè gbé ọkùnrin mẹ́fà mì ò jìn ju ìdúró ọmọdé lọ. Ọ̀gá Làmídì dì mọ́ mi.

A wá ibòmíràn gbẹ́ nínú ọgbà náà. Láràárọ̀, kí díígà tó kan ilẹ̀, a máa ń jókòó láìsọ̀rọ̀. Díákónì wa gbọ́ nípa rẹ̀, ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. “Ṣé òótọ́ ni pé ò ń bá ìmàle àti abọ̀rìṣà gbàdúrà?”

“Rárá, sà,” ni mo wí. “A ò sọ nǹkan kan.”

Ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Mo gbẹ́ kànga títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀ mí. Kò sí èyí tí a ò kọ́kọ́ jókòó tì, kò sì sí èyí tó ya lu ẹnikẹ́ni. Nísinsìnyí mo ń gbọ́ pé ní àwọn ìlú ńlá, onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn mìíràn ń kóra jọ láti dákẹ́ pọ̀, pé púpọ̀ nínú wọn ló ń ka ìwàásù àlùfáà ará Jámánì yẹn. Kò yà mí lẹ́nu.

Ọjọ́ tí omi yọ nínú kànga kejì nílé Bàbá Tíṣà ni mi ò lè gbàgbé. Ọ̀ṣunkúnlé nu ẹrẹ̀ kúrò lójú, ó ní, “Bàbá, àlùfáà yẹn, ṣé wọ́n dá a láre?”

“Ó kú kí ẹjọ́ náà tó parí,” ni Bàbá Tíṣà wí. “Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́bi.”

Ọ̀ṣunkúnlé ṣí fìlà. “Ẹ jẹ́ ká jókòó fún un.”

Àwa mẹ́rin jókòó yí kànga tuntun náà ká, Bàbá Tíṣà lórí àga, àwa yòókù nílẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Màmá Tíṣà, ìyàwó rẹ̀, jáde láti inú ilé, ó gbé omi àkọ́kọ́ tí a fà fún un wá fún wa nínú kọ́ọ̀bù, lórí àwo. Kọ́ọ̀bù márùn-ún ni.

“Ẹnì kan tó kù ńkọ́?” ó ní. “Ojú fèrèsé ni mo ti kà yín. Ẹ̀yin márùn-ún lẹ jókòó.”

Ọ̀gá Làmídì dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba kọ́ọ̀bù karùn-ún, ó sì rọra gbé e sórí ilẹ̀ láàárín èmi àti Ọ̀ṣunkúnlé. Ìgbà náà ni a tó mu tiwa.