Wọ́n Kọ Orúkọ Bàbá Mi Sẹ́yìn Àwo

Ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá mi, Nùréènì Àlàbá, fi gba orin sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àwo kan ní Ìkẹjà, orúkọ wọn kò sì hàn lẹ́yìn páálí àwo kankan rí. Ti olórin á wà níbẹ̀, ti ọ̀gá á wà níbẹ̀, kódà ti ẹni tó ya fọ́tò. Bàbá mi kì í ráhùn, ṣùgbọ́n kò sí àwo tó wọlé wa tí wọn kò ní yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ẹ má retí kí n bọlá fún Felix nínú ìtàn yìí. Òun ló ń fọn sasofóònù nínú ẹgbẹ́ jáàsì kan tí bàbá mi gba orin wọn sílẹ̀ lójú agbo ní 1977, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá ojú irin ní Agége. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni láti ìgbà náà. Lọ́dún tó kọjá, ó wá sọ pé àwọn òyìnbó kan fẹ́ tún orin náà tẹ̀ jáde, téèpù rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Abẹ́ aṣọ ìyá mi nínú àpótí ni téèpù náà wà. Bàbá mi gbé e fún un, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè.

"Kí wọ́n ṣáà kọ orúkọ mi sẹ́yìn páálí, kí n fojú ara mi rí i."

Mo ní kí Felix fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Bàbá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gba rìsíìtì gílóòbù iná, wò mí bíi pé mo sọ̀rọ̀ òdì.

"Ìbílọlá, àárín èmi àti Felix? Ìwé kẹ̀?"

Oṣù mẹ́jọ kọjá, Felix ní àwo kò tíì dé. Lọ́jọ́ kan ní ọ́fíìsì wa ní Aláúsá, Kóredé tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó fẹ́ràn àwo bí ẹ̀mí ara rẹ̀, tó sì mọ orúkọ bàbá mi, wá bá mi nídìí tábìlì.

"Aunty, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ ò tiẹ̀ sọ fún wa pé Daddy ti lọ."

Ó na àwo náà sí mi. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn páálí pé olóògbé Nùréènì Àlàbá ló gba orin yìí sílẹ̀, kí ó sùn re. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, olóògbé ti bá mi jà nítorí pé ẹ̀kọ wọn tutù.

Mo yá a lọ sílé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá mi, mo bá gbé e sórí giramafóònù. Àwo wúwo ni, irú tí wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn tí etí wọn kì í gba kíkùn kékeré. Bàbá mi dijú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo yí i sí ojú kejì, tí sasofóònù gbéra, bàbá mi ní, "Kazeem rèé. Felix ti mutí yó, ẹ̀yìn ìtàgé ló sùn sí. Kazeem ló gba fèrè fọn."

Mo wo páálí. Felix nìkan ni wọ́n kọ pé ó fọn sasofóònù ní ojú méjèèjì. Kazeem ti kú tipẹ́, àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ náà sì ti bá a lọ. Inú bí mi, mo kà á fún bàbá mi, títí dórí olóògbé.

Bàbá mi ní kí n pe Felix, kí n fi í sí sípíkà.

"Felix, Nùréènì ni."

Felix ní, "Ojú kejì yẹn ni wọ́n torí ẹ̀ fẹ́ tẹ àwo náà. Wọ́n fẹ́ bá gbogbo ẹni tó ṣẹ́kù sọ̀rọ̀, ìwọ nìkan lo sì mọ̀ pé kì í ṣe èmi ló fọn ọ́n. Mo bá sọ fún wọn pé o ti kú. Mo fẹ́ kí ayé gbọ́ orúkọ mi kí n tó kú, Nùréènì."

Mo fẹ́ gbé fóònù sẹ́nu kí n bú u. Bàbá mi na ọwọ́ dá mi dúró.

"Ká ní o bẹ̀ mí ni, Felix, ǹ bá bá ẹ bò ó."

Bàbá mi ní kí n pa fóònù.